Kí Ìjàpá Tó Gba Fẹ́ńdà Tuntun

Ẹ́ńjìnnì kọ́ ló ń pa Ìjàpá. Ẹni tó bá ní ọkọ̀ Volkswagen yìí mọ̀ pé ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣeé tú, ó sì ṣeé tò, àwọn mẹkáníìkì àgbà tó mọ̀ ọ́n tinú tòde ṣì wà káàkiri ilẹ̀ Yorùbá. Ohun tó ń sọ ọ̀pọ̀ Ìjàpá di ibi tí adìyẹ ń yé sí lẹ́yìn ilé ni ara rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ Márúwá kan á ṣàdédé já jáde láti ojúlé, á gbá fẹ́ńdà iwájú, iná á fọ́, bọ́nẹ́ẹ̀tì á ká sókè. Ọlọ́kọ̀ á wọ́ ọ dé ọ̀dọ̀ pánẹ́ẹ̀lì-bítà, ìyẹn á ní kó lọ wá fẹ́ńdà wá. Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọlọ́kọ̀ á rin ọjà já, wọn á kó fẹ́ńdà bíi mẹ́ta síwájú rẹ̀, gbogbo rẹ̀ á jẹ́ ti Ìjàpá lóòótọ́, síbẹ̀ ó lè má sí ọ̀kan ṣoṣo tó máa bá ọkọ̀ rẹ̀ mu.

Ẹ̀bi ọlọ́jà kọ́. Ìrísí Ìjàpá ló ń tan ni jẹ. Ẹni tó bá wò ó lókèèrè á rò pé ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Láti ọdún 1938 tí wọ́n ti gbé e jáde ní Jámánì, títí di ọgbọ̀njọ́ oṣù keje ọdún 2003 tí wọ́n ṣe èyí tó kẹ́yìn ní ìlú Puebla lórílẹ̀-èdè Mẹ́síkò, iye tí wọ́n ṣe jẹ́ 21,529,464. Ìrísí rẹ̀ kò yí padà títí, ṣùgbọ́n agbára káká la fi lè rí ọdún tí wọn kò fọwọ́ kan nǹkan kan lára irin rẹ̀. Àwọn àyípadà kéékèèké wọ̀nyẹn ló ń da ẹni tó ń wá ẹ̀yà ara ọkọ̀ yìí láàmú lónìí. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pé ọdún ọkọ̀ ló yẹ ká kọ́kọ́ wá, kí a tó wá irin.

Ẹ jẹ́ ká mú iwájú ọkọ̀ nìkan. Ìjàpá Jámánì tó jáde ṣáájú oṣù kẹjọ ọdún 1967, iná iwájú rẹ̀ dagun sẹ́yìn, gíláàsì rẹ̀ sì tẹ̀lé bí fẹ́ńdà ṣe rọra ń tẹ̀ lọ. Láti oṣù náà, iná nàró, ó kọjú sí ọ̀nà gan-an. Bọ́ńpà di pẹlẹbẹ, wọ́n sì gbé e sókè sí i. Bọ́nẹ́ẹ̀tì wá kúrú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹni tó bá fẹ́ fi bọ́nẹ́ẹ̀tì ọdún 1966 sára ọkọ̀ ọdún 1969, ẹnu bọ́nẹ́ẹ̀tì náà á ti gun irin iwájú kó tó dé ibi tí ó yẹ kó há sí. Lórí fẹ́ńdà kan náà, ihò wà lókè tí wọ́n ń de iná táráfíkétọ̀ mọ́. Láti oṣù kẹjọ ọdún 1974, Jámánì gbé iná yẹn lọ sínú bọ́ńpà, fẹ́ńdà wọn kò sì nílò ihò mọ́. Ẹni tí kò bá mọ èyí lè ra fẹ́ńdà tó dán gbinrin, kó wá máa wá ibi tí yóò gbé iná lé.

Ẹ̀yìn náà ní ìtàn tirẹ̀. Oṣù kẹjọ ọdún 1972 ni wọ́n dé pẹ̀lú iná ẹ̀yìn ńlá tí àwọn ará Jámánì ń pè ní ẹsẹ̀ erin. Fẹ́ńdà tí wọ́n ṣe fún iná kékeré àtijọ́ kò lè gbé e. Oríṣi mìíràn tún wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í fura sí: ọdún 1970 ni wọ́n gbé 1302 jáde, tí wọ́n yí ìdúró ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ padà kí àyè ẹrù lè gbòòrò. Imú rẹ̀ gùn, ó sì sanra. Ọdún méjì lẹ́yìn rẹ̀ ni 1303 tẹ̀lé e, tí wíńdískíríìnì rẹ̀ tẹ̀ kọ̀rọ̀dọ̀ síwájú. Bọ́nẹ́ẹ̀tì àwọn méjèèjì yìí kò bá Ìjàpá yòókù mu, bó ti wù kí wọ́n jọra tó lójú ẹni tó ń wò wọ́n nílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi tí wọ́n kó wọn jọ sí.

Ní Nàìjíríà, ọ̀rọ̀ náà tún lọ́jú pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn Ìjàpá tó kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wa, òkè òkun ni wọ́n ti kó wọn wá ní odindi. Ọwọ́ ọ̀tún ni sítíárìn ọ̀pọ̀ wọn wà, nítorí apá òsì títì ni à ń wakọ̀ títí di ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972, tí ìjọba yí i sí apá ọ̀tún. Lọ́dún 1975 ni ilé iṣẹ́ Volkswagen ti Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í to Ìjàpá pọ̀ ní Ọjọ́, lójú ọ̀nà Badagry ní Èkó, láti inú àwọn ẹ̀yà tó ń ti Brazil wá nínú àpótí. Ohun tó ń rú àwọn olùrajà lójú wà níbẹ̀ gan-an. Jámánì ti sọ fèrèsé Ìjàpá di ńlá láti oṣù kẹjọ ọdún 1964. Brazil kò bá wọn ṣe é. Fèrèsé kékeré ni wọ́n ń lò títí tí wọ́n fi dáwọ́ dúró. Nípa bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ tí wọ́n tò ní Ọjọ́ lọ́dún 1977 lè ní wíńdískíríìnì àti gíláàsì ilẹ̀kùn tó jọ ti Jámánì ọdún 1963. Ẹni tó bá ka ọdún inú ìwé ọkọ̀, tó fi ọdún yẹn ra ilẹ̀kùn láti Yúróòpù, owó rẹ̀ ti wọgbó.

Báwo la ṣe ń mọ ọdún ọkọ̀, nígbà náà? Ìwé ọkọ̀ kò tó gbọ́kàn lé, torí ọdún tí wọ́n gba nọ́ńbà fún un ló sábà máa ń wà níbẹ̀. Ẹ ká ìjókòó ẹ̀yìn sókè. Lórí irin gígùn tó la àárín ilẹ̀ ọkọ̀ já, ẹ ó rí nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ mọ́ irin náà. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ha ìdọ̀tí orí rẹ̀, ẹ fi epo díẹ̀ nù ún kó lè hàn. Nọ́ńbà yìí kan náà wà lára irin pẹlẹbẹ kékeré tí wọ́n kàn mọ́ ẹ̀yìn táyà sípíà, lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Lára ọkọ̀ Jámánì tó jáde láti oṣù kẹjọ ọdún 1964, nọ́ńbà méjì àkọ́kọ́, ìyẹn 11, ń sọ pé Ìjàpá ni. Ẹ̀kẹta ń sọ ọdún. 116 jẹ́ ti ọdún 1966, 118 jẹ́ ti 1968. Kí ẹ rántí pé oṣù kẹjọ ni ọdún ilé iṣẹ́ náà ń bẹ̀rẹ̀, èyí tí wọ́n ṣe ní oṣù kẹwàá ọdún 1965, ti 1966 ni wọ́n kà á sí. Èyí tó ti Brazil wá ní ètò nọ́ńbà tirẹ̀, ìyẹn náà sì jẹ́ àmì: bí nọ́ńbà yín kò bá tẹ̀lé ètò ti Jámánì, ẹ tètè fura, kí ẹ wọn fèrèsé kí ẹ tó ra ohunkóhun.

Nọ́ńbà nìkan kò tún tó. Ọkọ̀ tó ti lo ogójì ọdún lójú títì ti kọjá lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ olówó àti ọ̀pọ̀ pánẹ́ẹ̀lì-bítà. Ẹnì kan lè ti fi fẹ́ńdà ọdún mìíràn sí i lápá òsì, kó fi ti ọ̀tún sílẹ̀ bó ṣe wà. Ẹ wo apá méjèèjì, kí ẹ ya fọ́tò wọn, kí ẹ fi téèpù wọ̀n wọ́n. Bí ẹ bá sì fẹ́ bá àwọn tó ń ta ẹ̀yà lókè òkun sọ̀rọ̀, nọ́ńbà tí ilé iṣẹ́ fún ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ló máa ń gba aáwọ̀ kúrò. Mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n ń kọ ọ́. Èyí tó wà láàárín ló ń sọ ohun tí ẹ̀yà náà jẹ́: 821 ni fẹ́ńdà iwájú, 823 ni bọ́nẹ́ẹ̀tì, 831 ni ilẹ̀kùn. Bí nọ́ńbà tó kẹ́yìn bá jẹ́ 1, 3, 5, 7 tàbí 9, apá òsì ni. Bó bá jẹ́ 2, 4, 6, 8 tàbí 0, apá ọ̀tún ni. Láti orí ìjókòó awakọ̀ tó kọjú síwájú ni wọ́n ti ń ka òsì àti ọ̀tún yìí, kì í ṣe láti ọ̀dọ̀ ẹni tó dúró níwájú ọkọ̀. Àìmọ èyí ti mú kí àwọn kan san owó ọkọ̀ ojú omi lórí ilẹ̀kùn tó jẹ́ ti apá kejì.

Kí ẹ tó náwó lórí irin, ẹ rí i dájú pé ara ọkọ̀ kò lọ́. Fẹ́ńdà Ìjàpá, bóòtù ló dè é mọ́ ara, kò sí jíjó níbẹ̀. Ó rọrùn láti yọ. Ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni kí ẹ bẹ̀rù. Ẹ jẹ́ kí pánẹ́ẹ̀lì-bítà na okùn láti igun ọ̀tún iwájú dé igun òsì ẹ̀yìn, kó tún nà án láti òsì dé ọ̀tún. Bí gígùn méjèèjì kò bá dọ́gba, ọkọ̀ ti tẹ̀, fẹ́ńdà tuntun kò sì ní bá bọ́nẹ́ẹ̀tì dọ́gba láéláé. Ẹ wo àlàfo ilẹ̀kùn yípo: ó yẹ kó ṣe déédéé. Ẹ wo apá irin tó di bọ́ńpà mú, torí bí wọ́n bá gbá bọ́ńpà, òun ló máa ń fa irin inú wọlé. Ẹ bẹ̀rẹ̀, kí ẹ fi ìdí sukurudíráfà kan irin gbọọrọ abẹ́ ilẹ̀kùn. Inú irin yẹn ni ooru ẹ́ńjìnnì ń gbà wá síwájú lọ́dọ̀ àwọn tó ń gbé ìlú òtútù. Inú rẹ̀ náà sì ni ìpẹtà ti ń bẹ̀rẹ̀ láìhàn síta. Bó bá ti jẹ, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ tún ṣe, torí òun ló gbé ara ọkọ̀ dúró.

Ní tèmi, irin àtìbẹ̀rẹ̀ ọkọ̀ dára ju èyíkéyìí tí a lè rà lọ, bó bá ti ṣeé ká padà. Ó nípọn, àwọn ihò rẹ̀ sì bá ara mu láti ilé iṣẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ pánẹ́ẹ̀lì-bítà kan kì í fẹ́ gbọ́ èyí. Wọ́n fẹ́ kí a ra òmíràn, tàbí kí wọ́n fi bọ́dì-fílà dí ojú ibi tó wọnú, kí wọ́n kùn ún, kí iṣẹ́ parí nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Fílà náà á mu omi, á wú, á sì já bọ́ nígbà òjò kejì.

Iṣẹ́ àgbà yàtọ̀. Ẹ wo àgbà pánẹ́ẹ̀lì-bítà tí wọ́n gbé fẹ́ńdà tó wó wá bá. Kò ní fi òòlù lu àárín ibi tó wọnú. Ó máa ń kọ́kọ́ wo bí irin ṣe wó tẹ̀lé ara wọn: ibi tó wó kẹ́yìn ló máa kọ́kọ́ tú, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe máa bọ̀ títí yóò fi dé ibi tí ọkọ̀ kejì ti kọ́kọ́ gbá a. Ọwọ́ kan di irin wúwo kékeré mú lábẹ́, ọwọ́ kejì ń lu òòlù lókè, fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́, irin ń bọ́ sípò láàárín méjèèjì. Nígbà tó bá yá, yóò gbé òòlù sílẹ̀, yóò fi àtẹ́lẹwọ́ tí aṣọ wà lábẹ́ rẹ̀ ra ojú irin náà lọ, ra á bọ̀, láìwò ó, nítorí ọwọ́ ń rí gegele tí ojú kò lè rí. Irin tí wọ́n bá lù púpọ̀ máa ń fẹ̀, á máa dún pékú-pékú bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́. Níbẹ̀, yóò fi iná gáàsì kan ojú kékeré tí kò ju kọ́bọ̀ lọ, irin á pọ́n, yóò kàn án lẹ́ẹ̀mejì, yóò sì fi aṣọ tútù lé e. Irin á ṣe ṣìì, á sì fà jọ. Ẹni tó bá ní irú àgbà bẹ́ẹ̀ ládùúgbò kò ní láti ra fẹ́ńdà lọ títí. Ìgbà tó yẹ kí a wá òmíràn ni ìgbà tí ìpẹtà bá ti jẹ etí tí bóòtù ń gbà kọjá, tàbí tí irin bá ya níbi tí iná jókòó sí.

Ibo la ti ń wá a? Ọjà ni gbogbo èèyàn máa ń sáré lọ. Ládípọ̀ ní Mushin tóbi, ṣùgbọ́n Toyota àti Honda ló kún ibẹ̀. Ẹni tó ń wá irin Ìjàpá á rí ojúure jù lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta kọ́ńdẹ̀mù ní Ọwọ́dé Onírin, lójú ọ̀nà Ìkòròdú, tàbí lọ́dọ̀ àwọn àgbà ọlọ́jà ní Àràròmí, ní Gate n'Ìbàdàn. Ẹ má ṣe lọ lọ́wọ́ òfo. Ẹ gbé èyí tó bàjẹ́ dání, bí kò bá sì ṣeé gbé, ẹ gé páálí ní ìwọ̀n etí rẹ̀, kí ẹ lu ihò bóòtù sí i. Ẹ tún fi fọ́tò àti nọ́ńbà fóònù sílẹ̀ lọ́dọ̀ ọlọ́jà tí kò ní in lọ́jọ́ náà, torí ẹni tí kò ní in mọ ẹni tó ní in.

Bí ọmọ ìsọ̀ bá ní, "Dádì, ti Ìjàpá nìyí, wẹ́rẹ́ ló máa wọlé," ẹ dá a lóhùn pé, "O ṣeun, ọmọ mi. Bá mi gbé e síta, síbi tí oòrùn wà, ká jọ wò ó." Òkùnkùn inú ìsọ̀ kì í ṣe ọ̀rẹ́ ẹni tó ń ra irin. Ẹ wò ó láti ẹ̀gbẹ́, kí ìmọ́lẹ̀ lè sáré lórí rẹ̀. Ibi tó bá rí jágajàga, wọ́n ti tún un ṣe rí. Ẹ mú òòfà kékeré tí a fi aṣọ fẹ́lẹ́ wé dání, kí ẹ fà á gba orí irin náà. Níbi tí òòfà bá ti tú, fílà ló pọ̀ lábẹ́ ọ̀dà. Bí kò bá lẹ̀ mọ́ ibì kankan, fáíbà ni wọ́n fẹ́ tà fún yín, irin kọ́. Fáíbà kì í dípẹtà, ṣùgbọ́n ó máa ń sán níbi bóòtù, n kò sì gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kó lò ó. Lẹ́yìn náà, ẹ yí fẹ́ńdà náà dojú dé. Inú rẹ̀ kò lè parọ́: ojú ibi tí wọ́n jó, ojú òòlù, ìpẹtà tó ti ń jẹ ìsàlẹ̀ ibi iná, níbi tí ẹrẹ̀ táyà ń kó jọ sí, gbogbo rẹ̀ á hàn síta. Kí owó tó kúrò lọ́wọ́, ẹ bá ọlọ́jà ṣe àdéhùn pé bí kò bá wọlé, ẹ ó dá a padà láìkùn ún. Ọlọ́jà tó mọ ohun tó ń tà kì í kọ̀ ọ́.

Láti òkè òkun, oríṣi irin méjì ló wà. Ọ̀kan ni ojúlówó àtijọ́ tí a kò lò rí, tó ṣì wà nínú páálí láti ayé ọjọ́un. Ó wọ́n, ó sì yẹ kó wọ́n. Èkejì ni àtúnrọ, tí àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn ń ṣe lónìí. Klokkerholm ní Denmark jẹ́ ọ̀kan tó ti pẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Ẹ̀ka Classic Parts ti Volkswagen fúnra rẹ̀ náà ń ta ẹ̀yà fún àwọn ọkọ̀ rẹ̀ àtijọ́. Àtúnrọ tó dára wà, èyí tí kò dára sì pọ̀: irin rẹ̀ á fẹ́lẹ́, ihò rẹ̀ á yà kúrò lọ́nà, ibi tí iná ń jókòó sí á sì rí gbọọrọ níbi tó yẹ kó rí roboto. Ọ̀dà dúdú tó wà lára rẹ̀, ti ọ̀nà ni. Wọ́n fi bò ó kó má baà dípẹtà kó tó dé ni. Ẹ ha á kúrò kí ẹ tó kùn ún.

Àwọn orílẹ̀-èdè tó ṣe Ìjàpá pẹ́ títí ni ẹ̀yà rẹ̀ pọ̀ sí jù. Brazil dáwọ́ rẹ̀ dúró lọ́dún 1986, ṣùgbọ́n Ààrẹ Itamar Franco fúnra rẹ̀ bẹ ilé iṣẹ́ náà, wọ́n sì tún bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1993 títí di 1996. Fún ẹni tí wọ́n to ọkọ̀ rẹ̀ ní Ọjọ́, Brazil ló yẹ kó kọ́kọ́ kọjú sí, torí ọkọ̀ kan náà ni. Ẹni tó ní ẹbí ní London lè bẹ̀ wọ́n kí wọ́n bá òun lọ sí Beaulieu ní Hampshire, níbi tí wọ́n ti ń tẹ́ ẹ̀yà ọkọ̀ àtijọ́ sórí pápá láti ọdún 1967. Fẹ́ńdà, bọ́nẹ́ẹ̀tì àti ilẹ̀kùn ọkọ̀ wọn á ṣiṣẹ́ fún wa bí ọdún bá ti bára mu, ṣùgbọ́n irin dáṣíbọ́ọ̀dù wọn kò wúlò fún ọkọ̀ tí sítíárìn rẹ̀ wà lápá òsì. Iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì nígbà yìnyín sì ti jẹ púpọ̀ nínú irin wọn. Ní Amẹ́ríkà, aginjù Arizona àti California tí òjò kò pọ̀ sí ni irin gidi wà. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra níbẹ̀ náà: Ìjàpá tí wọ́n ń tà fún Amẹ́ríkà ti gba iná tó nàró ní ọdún kan ṣáájú ti Yúróòpù. Bí ẹ bá ń kó o bọ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n ti fẹ́ńdà bọ inú ara wọn, kí aṣọ àlòkù wà láàárín, torí àyè tí ẹrù gbà nínú ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n sábà ń gba owó lé, kì í ṣe bó ṣe wúwo tó.

Ohun tó ń mú kí ẹ̀yà ọkọ̀ àtijọ́ wà láàyè ni pé kí ẹnì kan tọ́jú irin ńlá tí wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi èyí hàn kedere. Lọ́dún 1980 ni wọ́n ṣe MGB kẹ́yìn, àmọ́ ilé iṣẹ́ British Motor Heritage wá àwọn irin ìtẹ̀ rẹ̀ jọ, nígbà tó sì di ọdún 1988, ẹni tí ìpẹtà bá jẹ MGB rẹ̀ tán lè ra odindi ara tuntun, kó kó ẹ́ńjìnnì àtijọ́ sínú rẹ̀. Kúbà gba ọ̀nà tirẹ̀. Láti ọdún 1962 tí Amẹ́ríkà ti ti ilẹ̀kùn òwò mọ́ wọn, àwọn oníṣẹ́ irin Havana ń fi òòlù rọ fẹ́ńdà Chevrolet ọdún 1950 láti ara irin pẹlẹbẹ. Àwọn pánẹ́ẹ̀lì-bítà wa náà lè ṣe é, mo sì ti rí bọ́nẹ́ẹ̀tì tí wọ́n rọ tí n kò mọ̀ pé kì í ṣe ti ilé iṣẹ́. Fẹ́ńdà Ìjàpá ló le jù nínú gbogbo rẹ̀, torí kò sí ibi tó tẹ́ lára rẹ̀.

Nígbà tí irin bá dé, sùúrù ló kù. Ẹ fi dísù àti epo ẹ́ńjìnnì rin bóòtù àtijọ́ fún odindi òru kan kí ẹ tó fi sípánà 13 kàn án. Nọ́ọ̀tì rẹ̀ wà lára ọkọ̀ níbi tí ọwọ́ kì í dé. Bí ẹ bá fi agbára yí i, yóò tú, yóò máa yí lójú kan, ó sì di dandan kí wọ́n gé irin kí wọ́n jó òmíràn mọ́ ọn. Ẹ kọ́kọ́ fi bóòtù tó wà lókè láàárín gbé fẹ́ńdà tuntun náà kọ́, kí ẹ wá fi ìyókù sí i láìfún wọn. Ẹ ti rọ́bà gbọọrọ sáàárín fẹ́ńdà àti ara ọkọ̀. Ẹ dé bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ wo àlàfo rẹ̀. Ẹ wo bí ìsàlẹ̀ fẹ́ńdà ṣe bá irin ìtẹ̀sẹ̀ pàdé. Ìgbà tí gbogbo rẹ̀ bá dọ́gba ni kí ẹ tó fún wọn, láti àárín lọ sí etí. Lẹ́yìn náà, ẹ tún tú u sílẹ̀, kí péńtà lè kun inú àti òde rẹ̀. Àwọ̀ tí oòrùn ti pa lára òrùlé kọ́ ni kí péńtà wò. Ibi tí oòrùn kì í dé ni àwọ̀ tí ọkọ̀ bá wá láti ilé iṣẹ́ ṣì wà.

Ohun kan ló ń dùn mí nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Irin tó dára jù fún Ìjàpá ní ilẹ̀ yìí kò sí ní ọjà kankan. Ẹ̀yìn ilé ló wà, lára àwọn Ìjàpá tí bàbá fi sílẹ̀, tí koríko ti hù yí ká. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, ilẹ̀kùn wọn ṣì pé, fẹ́ńdà ẹ̀yìn wọn kò ní ojú òòlù kankan. Àwọn ọmọ tó ń ra kọ́ńdẹ̀mù ń ti kẹ̀kẹ́ kiri lójoojúmọ́, wọ́n ń fi òṣùwọ̀n wọn wọ́n, irin náà ń lọ sí ilé ìyọ́rin ní Ìkòròdú àti Ògijó, ó sì ń di ọ̀pá irin fún ilé kíkọ́. Bí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá wà nílé yín, ẹ jọ̀wọ́, kí ẹ tó tà á fún wọn, ẹ pe ẹnì kan tó ṣì ń wa Ìjàpá ládùúgbò, kó wá wo nọ́ńbà abẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn. Fẹ́ńdà tó ń wá káàkiri lè jẹ́ èyí tó wà lẹ́yìn ilé yín, owó tó máa san lórí rẹ̀ yóò sì ju èyí tí alákọ́ńdẹ̀mù máa san lórí odindi ọkọ̀ náà lọ.